Èèpo ọta ìbọn tí wọ́n fẹ́ tún lò: Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ bá ihò ìbọn mu

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ àtàwọn tó ń fi ìbọn yínyìn díje kì í da èèpo ọta nù. Bí wọ́n bá yìnbọn tán, wọ́n á ṣà á nílẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún kì í. Òfin ibẹ̀ gbà wọ́n láyè, ó sì máa ń dín ìnáwó kù, torí èèpo ló sábà máa ń wọ́n jù nínú kátíríìjì. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tó ṣáájú ẹ̀tù kíkì, ìyẹn dídá èèpo padà sí ìwọ̀n tó yẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí, ojú ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Kí ló wà nínú kátíríìjì?

Nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ọta tó ń fò jáde, ẹ̀tù tó ń tì í, praímà kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, àti èèpo tó kó gbogbo wọn pọ̀. Idẹ ni èèpo náà. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 70 jẹ́ bàbà, 30 sì jẹ́ síńkì. Èèpo ìbọn ráífù ní ìdí, ara, èjìká àti ọrùn, bí ìgò ló ṣe rí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún

Ihò tí kátíríìjì ń jókòó sí nínú ìbọn fi díẹ̀ fẹ̀ ju kátíríìjì lọ. Bí ẹ̀tù bá gbiná, agbára rẹ̀ á mú kí idẹ náà wú títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ògiri ihò yẹn, èéfín gbígbóná kò sì ní lè gba ẹ̀yìn jáde. Lẹ́yìn náà, idẹ á sún kì díẹ̀, èyí ló jẹ́ kó ṣeé fà yọ. Àmọ́ kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pátápátá.

Agbára tí a ń sọ yìí kì í ṣe kékeré. Fún kátíríìjì .308 Winchester, tó jáde lọ́dún 1952, ìwọ̀n tó ga jù tí àjọ SAAMI fọwọ́ sí jẹ́ 62,000 psi. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 psi lọ. Ọdún 1926 ni wọ́n dá SAAMI sílẹ̀, òun ló ń gbé ìwọ̀n kalẹ̀ fáwọn tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, kí ọta ilé iṣẹ́ kan lè wọ ìbọn ilé iṣẹ́ mìíràn.

Bí wọ́n ṣe ń dá a padà

Irin kan tí wọ́n ń pè ní dáì ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi òróró díẹ̀ pa èèpo lára, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tì í wọnú dáì náà, kó lè fún un mọ́ra. Bí òróró bá kéré jù, èèpo á há sínú dáì. Bó bá sì pọ̀ jù, èjìká rẹ̀ á tẹ̀ wọnú. Wọ́n gbọ́dọ̀ nu òróró yẹn kúrò kí wọ́n tó yìn ín, nítorí èèpo tó ń yọ̀ kì í di ògiri ihò mú dáadáa, gbogbo agbára á wá ru ẹ̀yìn ìbọn.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni mélòó ni kí wọ́n ti èjìká sẹ́yìn. Fún ìbọn tí wọ́n ń fọwọ́ kọ́, 0.001 sí 0.002 íǹṣì ti tó. Pépà kan ṣoṣo nípọn tó 0.004 íǹṣì, torí náà kò ju ìlàjì pépà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìbọn tó ń kọ́ ara rẹ̀ nílò àyè díẹ̀ sí i, bíi 0.003 sí 0.005 íǹṣì. Ojú lásán kò lè rí i, irin ìwọ̀n ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Àṣejù, baba àṣetẹ́

Bí èjìká kò bá sún tó, kátíríìjì kò ní wọlé tán, ẹ̀yìn ìbọn kò sì ní tì. Bí wọ́n bá tì í jù ńkọ́? Ewu ńlá nìyẹn. Àyè á ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn èèpo. Bí ìbọn bá dún, iwájú èèpo á lẹ̀ mọ́ ihò, ìdí rẹ̀ á sì fà sẹ́yìn. Idẹ á máa tínrín lókè ìdí náà, títí yóò fi já sí méjì lọ́jọ́ kan. Èéfín gbígbóná lè fẹ́ lu ojú ẹni tó di ìbọn mú.

Èèpo .303 tí ráífù Lee-Enfield ń lò, irú èyí táwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gbé lọ jà ní Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, ní etí nídìí. Etí yìí ló ń dá a dúró nínú ìbọn. Ihò àwọn ráífù ológun yẹn fẹ̀ dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ tó ń tún un kì kì í ti èjìká rẹ̀ rárá, ọrùn nìkan ni wọ́n ń fún.

Àmì tí wọ́n ń wò

• Ìlà tó ń dán yípo lókè ìdí èèpo. Wọ́n á tún fi wáyà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́nu wá inú rẹ̀. Bó bá kọ́ sí kòtò kan, èèpo náà ti parí iṣẹ́.
• Ọrùn tó ti sán.
• Ọrùn tó gùn jù. Ti .308 kò gbọ́dọ̀ ju 2.015 íǹṣì lọ, torí ó lè fún ọta pa, kí agbára sì ga ju bó ṣe yẹ.

Ní Nàìjíríà ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú rẹ̀ nílé o. Firearms Act ọdún 1959 kò gba aráàlú láyè láti máa ṣe ọta ìbọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ ìbọn oníkátíríìjì. Kátíríìjì tó bá wú, tó sán tàbí tó kọ̀ láti wọlé, kí wọ́n má fi agbára tì í, kí wọ́n má sì fi òòlù kàn án. Bí wọ́n bá fa ìbọn tí kò dún, kí wọ́n kọjú rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, kí wọ́n ní sùúrù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó bá rí kátíríìjì nílẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, kó lé ọmọdé kúrò níbẹ̀, kó sì fi tó ọlọ́pàá létí.