Ọ̀kẹ́ Kan: Láti Owó Ẹyọ Dé Orí Sídì

Ní oṣù Keje ọdún 2007, orílẹ̀-èdè Gánà yọ òdo mẹ́rin kúrò lára owó rẹ̀. Ẹgbàárùn-ún (10,000) sídì àtijọ́ di sídì tuntun kan. Owó bébà tó tóbi jù lọ nígbà náà, ìyẹn 20,000, di sídì méjì péré. Báńkì Gánà ń kéde pé iye rẹ̀ kò yí padà, síbẹ̀ ó pẹ́ kí àwọn ará ọjà Accra tó ṣíwọ́ fífi owó àtijọ́ dá iye ọjà.

Bí Yorùbá bá gbọ́ 20,000, ó yẹ kó rántí nǹkan. Nọ́ńbà náà ní orúkọ lédè wa: ọ̀kẹ́ kan. Àpò ni ọ̀kẹ́, àpò owó ẹyọ sì ni. Orúkọ sídì pàápàá, inú èdè Akan ni wọ́n ti mú un. Owó ẹyọ ló túmọ̀ sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń di ọ̀kẹ́? Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá kún àpò: 40 × 50 × 10. Bí a bá tú 20,000 palẹ̀ pátápátá, 2 lọ́nà márùn-ún àti 5 lọ́nà mẹ́rin nìkan ni a ó bá níbẹ̀. Nítorí èyí, ọgbọ̀n nọ́ńbà ló lè pín in láìṣẹ́kù. Ẹni méjì, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún tàbí ogójì lè pín ọ̀kẹ́ kan láìjà. Ẹni mẹ́ta ni kò rí i pín: 6,666 á kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì á ṣẹ́ kù.

Adolphus Mann ṣàlàyé lọ́dún 1887 bí wọ́n ṣe ń kà á: márùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀wáá lọ́nà méjì láti rí ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Àwọn tó ń sọ pé òǹkà Yorùbá ta kókó jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọwọ́ ẹni tó ń ka owó. Iṣẹ́ ọjà ló bí òǹkà náà.

Owó ẹyọ fúnra rẹ̀ kò tọ́jọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1850, àwọn oníṣòwò Jámánì kó ẹyọ Zanzibar wọ Èkó lọ́pọ̀ yanturu, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀, títí wàhálà rírù ú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ju èrè rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe sídì lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ púpọ̀: owó pọ̀ jù, iye rẹ̀ dínkù.

Nọ́ńbà náà kò dínkù ní tirẹ̀. Títí di òní, bí oníròyìn Yorùbá bá fẹ́ pe mílíọ̀nù kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ló ń sọ, ìyẹn 50 × 20,000. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Accra àti Èkó ń gbọ́ ọ láì mọ̀ pé àádọ́ta àpò ẹyọ ni wọ́n ń kà fún wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn kó tó di ariwo lásán létí wọn.