ÀKÁ ÀJÙMỌ̀NÍ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Nítorí èyí ni àwọn baba wa ṣe dá àáró sílẹ̀: lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á lọ ro oko Àjàní, lọ́la wọn á lọ ro ti Àkànbí. Àáró kan wà láyé òde òní tí púpọ̀ nínú wa kò fiyè sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ó gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ró. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Larry Wall, ará Amẹ́ríkà, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wà ní yunifásítì ní Berkeley, ìpinnu wọn ni láti wá èdè kan tí a kò tí ì kọ sílẹ̀, bóyá ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n ṣe ìlànà ìkọ̀wé fún un, irú iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún èdè tiwa. Àìlera kò jẹ́ kí ó lọ. Ó yà sídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tí ó sì di ọdún 1987, ó gbé Perl jáde. Perl kì í ṣe èdè tí ènìyàn ń bá ènìyàn sọ. Èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni.

Ní 1994, Perl ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kọ apá iṣẹ́ kan, kí ó dì í ní ìdì, kí ẹlòmíràn lè lò ó láìtún un kọ. Ṣùgbọ́n ibo ni a ó kó àwọn ìdì wọ̀nyí sí? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1995, Jarkko Hietaniemi, ará Finland, ṣí àká kan fún gbogbo ayé. CPAN ni orúkọ rẹ̀. Andreas König, ará Jámánì, kọ ètò tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò kàn tẹ ọ̀rọ̀ àṣẹ kan, "install", àti orúkọ ìdì tí ó ń fẹ́. Ẹ̀rọ á lọ sí àká, á gbé e wá, á dán an wò, á sì tò ó sí àyè rẹ̀. Bí ìdì náà bá nílò òmíràn, á gbé ìyẹn wá pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ń san kọ́bọ̀. Ẹ̀dà àká náà sì wà káàkiri ayé, kí ìjàǹbá kan ṣoṣo má bàa pa gbogbo rẹ̀ run.

Àwọn èdè yòókù kọ́ àká tiwọn. Ti Python ṣí ní 2003. Pip, àṣẹ tí a fi ń kó ẹrù inú rẹ̀, dé ní 2008. Ní 2010, Isaac Schlueter gbé npm jáde fún JavaScript, ṣùgbọ́n láti 2014, iléeṣẹ́ tí ń wá èrè ni ó ń mójú tó o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ní 2016, iléeṣẹ́ Kik ti Kánádà ní kí Azer Koçulu, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, yọ̀ǹda orúkọ "kik" tí ó fún ìdì rẹ̀ kan. Ó kọ̀. Àwọn alákòóso npm gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í fún iléeṣẹ́ náà. Inú bí i. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ó kó gbogbo ìdì rẹ̀ kúrò nínú àká, 273 ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni left-pad, ìlà 11 péré, tí kò ṣe ju pé kí ó fi àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀ títí yóò fi gùn tó bí a ti fẹ́. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Babel, irinṣẹ́ ńlá tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò, ń lo ìdì mìíràn tí ó gbójú lé left-pad. Kí a tó ṣẹ́jú, iṣẹ́ ti dúró káàkiri. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn alákòóso dá ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ padà sí àká, bí ẹni tí ó kọ ọ́ tilẹ̀ ti kó o kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣòfin tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣàdédé kó ìdì rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn kan dá Koçulu lẹ́bi: a kì í tìtorí ìjà àwa àti baálẹ̀ hú iṣu inú oko aládùúgbò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún baálẹ̀ láṣẹ láti gba orúkọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀? Lójú tèmi, ẹ̀bi náà kan àwọn tí ń jẹun nínú àká lójoojúmọ́ tí wọn kò béèrè ọwọ́ tí ó gbìn ín. Àwọn ará CPAN ní àká kejì, BackPAN, tí ń pa ohun tí a bá yọ kúrò mọ́. Wọ́n mọ̀ pé ìbínú lè dé. Ní 2020, GitHub, tí ó jẹ́ ti Microsoft, ra npm. Àká tí gbogbo ayé ń kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí di ohun tí a ń tà, tí a ń rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwa tí ń ṣa ọ̀rọ̀, òwe àti oríkì jọ nínú ẹgbẹ́ yìí, àká ni àwa náà ń kọ́. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó mú nǹkan wá, kí a pín ẹ̀dà rẹ̀ síbi púpọ̀, kí a sì fohùn ṣọ̀kan lórí òfin kí ìjà tó dé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọwọ́ kan bá fà sẹ́yìn, kí àyà má ṣe là.