Varanasi Létí Odò Ganga: Kí Ni Ogún Rẹ̀ Gan-an?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí a bá pe ìlú kan ní ìlú àtayébáyé, kí ni ó ti wà nínú rẹ̀ láti ayébáyé? Varanasi, ní àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Banaras ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ń pè é. Kashi sì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù.

Etí odò Ganga, ní apá ìwọ̀-oòrùn, ni ìlú yìí wà. Níbẹ̀, odò náà ṣẹ́rí, ó ń ṣàn sí ìhà àríwá, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń wẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò kọjú sí oòrùn tí ń yọ. Àtẹ̀gùn òkúta ni ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ gíga wọ inú omi. Ghat ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Wọ́n lé ní 80. Ní méjì nínú wọn, Manikarnika àti Harishchandra, ni wọ́n ti ń sun òkú, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn Híńdù ni pé ẹni tí ó bá kú sí Kashi ti bọ́ lọ́wọ́ àtúnwáyé.

Àlejò tí ó bá rí etídò yìí lè rò pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ti rí láti ayé Búdà, ẹni tí ó kọ́kọ́ wàásù ní Sarnath nítòsí ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àtẹ̀gùn àti ààfin etídò náà kò dàgbà ju ọ̀rúndún kejìdínlógún lọ, nígbà tí àwọn ọba àti ọlọ́rọ̀ Maratha ń náwó sí ìlú náà.

Ìtàn tẹ́ḿpìlì Vishwanath, ojúbọ Shiva tí ó lókìkí jù níbẹ̀, fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1194, àwọn ọmọ ogun Ghurid kó ìlú náà, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì. Ní nǹkan bí ọdún 1585, nígbà ìjọba Akbar, ọba Mùsùlùmí, a tún tẹ́ḿpìlì yìí kọ́. Ní 1669, Aurangzeb, tí ó jẹ́ àtọmọdọ́mọ Akbar kan náà, pàṣẹ kí a wó o. Mọ́ṣáláṣí Gyanvapi ni a kọ́ síbẹ̀, ògiri tẹ́ḿpìlì àtijọ́ sì ṣì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ní nǹkan bí 1780, Ahilyabai Holkar, opó tí ó jọba ní Malwa, kọ́ tẹ́ḿpìlì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí náà. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, Ranjit Singh, ọba ẹlẹ́sìn Sikh, fi wúrà ta á lọ́rẹ.

Bí òkúta bá ń wó tí a sì ń tún un tò, kí ni ó wá wà pẹ́ títí? Lójú tèmi, àwọn ènìyàn àti ìṣe wọn ni. Àwọn Dom, tí àwọn kan ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú, ni ó ń tọ́jú iná òkú. Mùsùlùmí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń hun aṣọ ṣẹ́dà tí a fi mọ ìlú náà. Láti ìdílé ahunṣọ ni Kabir, akéwì ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ti wá. Mùsùlùmí sì ni Bismillah Khan, àgbà afunfèrè tí ó kú ní 2006.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná nìkan. Kí 2021 tó parí, ìjọba gba ilé tí ó lé ní 300, wọ́n sì wó wọn, láti la ọ̀nà gbòòrò láti tẹ́ḿpìlì náà dé odò. Ní 2021 kan náà, àwọn obìnrin márùn-ún gbé ọ̀rọ̀ ìjọsìn ní ọgbà Gyanvapi lọ sí kóòtù. Àwọn tí ó fara mọ́ ọ̀nà tuntun náà ní ìdí: èrò kò fún ara wọn pa ní ọ̀nà tóóró mọ́, àwọn tẹ́ḿpìlì kéékèèké tí ó sápamọ́ sáàárín ilé sì jáde sí gbangba. Wọ́n tún ń sọ pé àtúnkọ́ ni ìṣe ìlú náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ahilyabai kọ́ tẹ́ḿpìlì rẹ̀ sáàárín àdúgbò tí ènìyàn ń gbé. Àwọn ará àdúgbò náà ni ó sì sọ ọ́ di ààyè. Òpìtàn kò gbọdọ̀ fi ọdún kan ṣoṣo, ìbáà ṣe 1194, 1669 tàbí 1780, ṣe ìdájọ́ ẹni tí ó ni ìlú. Àwọn baba wa ní ènìyàn ni aṣọ. Ènìyàn ni aṣọ ìlú pẹ̀lú. Tẹ́ḿpìlì tí ó wó, a lè tún un kọ́. Àdúgbò tí ó bá tú, kò sí bíríkìlà tí ó lè mọ ọ́n padà.