Orúkọ Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Ìsọlọ̀ àti Ibi tí Wọ́n Ti Ṣẹ̀ Wá

Lẹ́bàá títì ní Ìyànà Ìsọlọ̀ ní Èkó, táyà ògbólógbòó kan ni àmì pé oníṣẹ́ wà ní tòsí. Wọ́n á gbé e dúró lóòró, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ iṣẹ́ sí i lára. Ẹni tó jókòó tì í á yọ túùbù jáde, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á rì í bọ inú abọ́ omi, á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi hó ní ojú kan. Ibẹ̀ ló jò. Á fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ kó má baà sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, á nù ún gbẹ, á fi fáìlì họ ọ́ kí ègé rọ́bà tó fẹ́ fi dí i lè lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Fọ́kanáísà là ń pè é.

Orúkọ yìí ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Vulcan ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe òrìṣà iná àti àgbẹ̀dẹ. Hephaistos ni àwọn Gíríìkì ń pe tiwọn. Ní ọdún 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà ṣàwárí pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, oòrùn kò ní yọ́ ọ mọ́, òtútù kò sì ní sọ ọ́ di gbígan. Thomas Hancock ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Brockedon, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló sì mú orúkọ Vulcan wá fún un, nítorí iná àti imí-ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Bí orúkọ òrìṣà àgbẹ̀dẹ ṣe bá táyà wọ ìlú wa nìyẹn. Ká ní Yorùbá ló sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, mi ò rò pé a ò bá yà kúrò lọ́dọ̀ Ògún.

Àwọn baba wa kì í fi orúkọ iṣẹ́ pamọ́. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni wọ́n fi ń pe oníṣẹ́: amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò, ahunṣọ ń hun aṣọ, aránṣọ ń rán an, mọlémọlé ń mọ ilé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ ọnà. Ọnà yìí kọ́ lọ̀nà tí à ń tọ̀. Ẹwà tí ọwọ́ ẹ̀dá fi sára igi, awọ, igbá tàbí aṣọ ni. Ó níyì débi pé wọ́n fi ń sọ ọmọ, bí ìdílé onílù ṣe ń fi Àyàn sọ ọmọ tiwọn. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀dà ya àwòrán ènìyàn bí òyìnbó ṣe ń yà á nílẹ̀ yìí, òun ló sì jà kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà nílé ìwé. Orúkọ tó gbé wá láti ilé, Ọnàbólú, bá iṣẹ́ rẹ̀ mu régí. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n ti bí Lamidi Fakeye, tó di olóògbé ní 2009. Ó ti gbé iṣẹ́ ìran rẹ̀ dé òkè òkun kó tó kú.

Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n bá ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan pàdé nínú Ìhìn Rere: tekton. Òun ni wọ́n fi pe iṣẹ́ Jésù, òun náà ni wọ́n fi pe iṣẹ́ Jósẹ́fù. Tekton ń kan ilẹ̀kùn, ó ń ṣe òrùlé, ó lè fi òkúta kọ́lé pẹ̀lú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ náà gbé ọ̀rọ̀ wa ga, ṣùgbọ́n ó fa ìtumọ̀ rẹ̀ síbòmíràn: ọ̀pọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó bá gbọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lónìí, àga àti tábìlì ló máa ń rí, kò rí ère mọ́. Inú tekton yìí náà ni àwọn Gíríìkì ti yọ arkhitekton, olórí gbẹ́nàgbẹ́nà, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹni tó ń ya àwòrán ilé. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ya pláànù ilé ní Ọ̀kọ̀tá àti ẹni tó ń kan pákó lórí òrùlé ilé náà, ìyá kan náà ló bí orúkọ wọn lédè Gíríìkì, bí wọn ò tilẹ̀ jọ jókòó nídìí tábìlì kan náà.

Àwọn orúkọ Gẹ̀ẹ́sì dé pẹ̀lú iṣẹ́ ńláńlá ní Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá mú ọwọ́ tó dára dé. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára wọn, ló kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ní ibi tí òyìnbó ti ń pe orúkọ òṣìṣẹ́ kó tó sanwó, orúkọ tó bá pè ni tiẹ̀. Káfíńtà wọlé báyìí, bíríkìlà wọlé. Amọ̀ tí wọ́n sun níná ni bíríkì, àmọ́ bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni bíríkìlà Ìsọlọ̀ ń tò láti àárọ̀ dalẹ́, orúkọ àtijọ́ náà ò sì kúrò lórí rẹ̀. Ti káfíńtà tún dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ. Carpentum lédè Látìn ni kẹ̀kẹ́ tí ẹran ń fà, ẹni tó ń kàn án ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Ẹ rántí ọkọ̀ bọ̀lẹ́kájà tí wọ́n fi pákó ṣe ara rẹ̀: àwọn káfíńtà wa padà sídìí iṣẹ́ tí orúkọ wọn ti wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Mẹkáníìkì ni mo fẹ́ràn jù. Mekhane lédè Gíríìkì ni ọgbọ́n tí ènìyàn dá láti fi bọ́ nínú ìṣòro, kó tó wá di ẹ̀rọ. Ẹ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìsọlọ̀ tàbí ní Ládípọ̀ tó wà nítòsí, nígbà tí ohun èlò tí ọkọ̀ yín ń fẹ́ kò sí lọ́jà. Á bẹ̀rẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì, á fetí sí i, á ní kí ẹ tún tẹ ẹ́ níná, á wá sọ pé, “Ẹ fi sílẹ̀, màá dọ́gbọ́n sí i.” Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi sínú orúkọ rẹ̀ ló tẹnu rẹ̀ jáde yẹn, ní Yorùbá tó já gaara. Inú ẹ̀rọ tiwa náà, etí mi ń gbọ́ rọ, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́.

Télọ̀ tún wà níbẹ̀. Ní ọjà Aswani, tó gba orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ, tí èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, aṣọ kì í wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń rán an ò jìnnà. Àwọn Gíríìkì ń pe aránṣọ ní raptis, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí rírán, gẹ́gẹ́ bíi tiwa gan-an. Télọ̀ yàtọ̀: láti èdè Faransé ló ti wá, gígé ló sì túmọ̀ sí. Mo rò pé orúkọ yìí tọ́ ju rírán lọ. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á gbálẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ gán etí aṣọ, á rán bọ́tìnnì. Èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ á wa máṣíìnì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tẹ́ lẹ́ẹ̀sì oníbàárà sórí tábìlì, tí ṣọ́ọ̀kì ti la ibi tí wọ́n máa gé, ọ̀gá nìkan ló ń mú sísọ́ọ̀sì. Bí ọwọ́ bá ṣì níbẹ̀, kò sí òwú tó lè rán an padà.

Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá parí ni fíríìdọ̀mù. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ London ni èyí náà: láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ parí ní fíríìdọ̀mù kó tó lè ṣe òwò lórúkọ ara rẹ̀, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1563 sì ní kó lo ọdún 7 lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní Ìsọlọ̀, àwọn òbí á gbé oúnjẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, ìwé ẹ̀rí á wà lórí tábìlì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ náà bá jẹ́ obìnrin, á kúnlẹ̀. Yorùbá ni ọ̀gá á fi gbàdúrà fún un: ọwọ́ rẹ ò ní ṣì, oníbàárà á mọ ilé rẹ, ẹ̀yìn ọ̀la rẹ á dára. Lẹ́yìn náà, á gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́.