Eré tí Ó Kú Lẹ́ẹ̀mejì

Ní Amẹ́ríkà, ní 1945, Edgar G. Ulmer fi owó táṣẹ́rẹ́ ya Detour, fíìmù ọ̀ràn ikú tí Tom Neal àti Ann Savage jẹ́ aṣáájú òṣèré inú rẹ̀. Ní 1992, Ilé-Ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kà á mọ́ àwọn fíìmù tí kò gbọdọ̀ parun.

Tiwa ńkọ́? Lẹ́yìn tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri rọ́ wọ iṣẹ́ fíìmù. Kí owó má baà pọ̀, ọ̀pọ̀ lo irú èyí tí kò ní nẹ́gẹ́tíìfù: ohun tí a fi ya eré gan-an ni a ń gbé kiri fún òǹwòran, tí ẹ̀rọ sì ń ha á díẹ̀díẹ̀.

Àdánù náà ju ti àwòrán lọ. Karin Barber, ẹni tí ó gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970 nítorí oríkì, tí ó sì bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo ṣeré lẹ́yìn náà, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 2000 pé ẹnu òṣèré ni ọ̀rọ̀ eré ti ń jáde. Bí fíìmù bá bàjẹ́, tí òṣèré sì kú, eré náà kú lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí a tètè gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó wòran ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.