Orúkọ Ni Ó De Mọ́tò: Ìtàn Ìrìn-àjò London sí Brighton

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, lọ́dọọdún, àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ máa ń kó ara wọn jọ sí Hyde Park ní ìlú London kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí oòrùn bá ti ń yọ, wọn á gbéra, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò tí ọjọ́ orí wọn ti ju 100 ọdún lọ, ó di Brighton létí òkun, nǹkan bí máìlì 60 sí ibi tí wọ́n ti gbéra. Kì í ṣe eré ìje. Ẹni tó kọ́kọ́ dé kò gba ife-ẹ̀yẹ kankan. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń gbé Ìlú Ọba fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Prof, ẹ wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń fi owó ṣòfò." Èsì tí mo ní fún un gùn ju ohun tí a lè tẹ̀ sórí fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni pé ìrìn-àjò yìí kò bẹ̀rẹ̀ bí ìgbafẹ́. Ọ̀rọ̀ òfin ló bí i. Bí a bá sì tú òfin náà wò dáadáa, ọ̀rọ̀ orúkọ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1865. Mọ́tò bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí kò tíì sí nígbà náà. Ohun tó wà lójú títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ẹ̀rọ ńláńlá onírin tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ń wọ́ ẹrù, tí wọ́n sì tún fi ń ṣiṣẹ́ oko. Wọ́n wúwo, wọ́n ń ba ọ̀nà jẹ́, èéfín àti ariwo wọn sì ń dẹ́rù ba ẹṣin. Orúkọ tí òfin pè wọ́n ni "locomotive". Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wá pàṣẹ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan lójú ọ̀nà ìgbèríko, máìlì 2 péré sì ni láàárín ìlú. Ó kéré tán, èèyàn 3 ni kó máa bójú tó o. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn níwájú, kó fi yáàdì 60 ṣáájú ẹ̀rọ, kó sì gbé àsíá pupa dání láti fi kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹ́ṣin.

Ẹ rò ó wò ná. Ìyá àgbà tó ń rọra rìn lọ sọ́jà lè rin máìlì 2 ní wákàtí kan. Láàárín ìlú, ẹni tó gun ẹ̀rọ àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò jọ dé ni. Síbẹ̀, n kò ní bú àwọn aṣòfin náà. Fún irú ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn lọ́jọ́ yẹn, òfin wọn bọ́gbọ́n mu.

Wàhálà dé nígbà tí ohun mìíràn wọlé tí kò ní orúkọ tirẹ̀. Ní ọdún 1886, Karl Benz gba ìwé àṣẹ ní Jámánì fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ẹ̀rọ ń gbé rìn. Gottlieb Daimler náà ń ṣe tirẹ̀ ní ilẹ̀ kan náà. Kò pẹ́ tí àwọn ará Faransé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́tò tà. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin bi í léèrè pé, kí ni ìwọ? Kò ní ẹṣin, nítorí náà kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ẹ̀rọ ló ń gbé e rìn. Ó dáa, "locomotive" ni ọ́ nìyẹn. Bí ohun tó fúyẹ́, tó gba èèyàn méjì, ṣe di ẹgbẹ́ ohun tó tóbi bí ilé nìyẹn, nítorí orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n ti tún òfin náà ṣe díẹ̀ lọ́dún 1878. Àsíá pupa kì í tún ṣe dandan fún gbogbo ìlú mọ́, yáàdì 60 sì di 20, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1896, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Arnold, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta mọ́tò, wa ọkọ̀ gba Paddock Wood kọjá ní agbègbè Kent. Máìlì 8 ní wákàtí kan ni wọ́n ní ó ń sá níbi tí òfin ti gba 2 láàyè. Ọlọ́pàá kan fò sórí kẹ̀kẹ́, ó lé e títí ó fi bá a. Ṣẹ́ẹ rí i, kẹ̀kẹ́ ọlọ́pàá lómìnira láti sáré ju mọ́tò lọ. Nílé ẹjọ́, eré sísá nìkan kọ́ ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Wọ́n tún ní àwọn tó wà pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ kò pé 3. Owó ìtanràn tó san fún eré sísá jẹ́ ṣílè kan.

Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, òfin tuntun ti dé. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀, èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ni ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò pa òfin àtijọ́ rẹ́. Orúkọ ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n ní ọkọ̀ ẹlẹ́rọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 3 láìsí ẹrù, tí kì í wọ́ ju ọkọ̀ kan lọ sẹ́yìn, tí kì í sì í tú èéfín tí a lè fojú rí, kì í ṣe ẹgbẹ́ "locomotive" ńlá mọ́. "Locomotive fífúyẹ́" ni yóò máa jẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni kí a sì kà á kún. Eré tí òfin gbà di máìlì 14 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n àjọ tó ń mójú tó ìjọba ìbílẹ̀ gé e sí 12. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú bá lọ sílé. Àwọn àgbà wa ní orúkọ ń ro ni. Èmi rò pé ó ń ro ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1896, ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì rin ìrìn-àjò àkọ́kọ́. Harry Lawson àti ẹgbẹ́ onímọ́tò rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ jẹun àárọ̀, níbẹ̀ ni ìjòyè kan, Lord Winchilsea, ti fa àsíá pupa ya sí méjì lójú gbogbo èèyàn. Ẹ má sì gbàgbé pé ó ti pé ọdún 18 tí òfin ti sọ àsíá yẹn di ohun tí kò pọn dandan. Ohun tí èèyàn fi ṣe àmì máa ń pẹ́ lọ́kàn ju ohun tí a kọ sínú ìwé lọ.

Láti Hotel Metropole ti London ni wọ́n ti gbéra lọ sí Hotel Metropole ti Brighton. Gottlieb Daimler wà níbẹ̀ láti Jámánì, àwọn ará Faransé náà wà níbẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilé Bollée ló sì ṣáájú wọn wọ Brighton. Ojú ọjọ́ kò dáa. Òjò àti ẹrẹ̀ fojú wọn rí màbo, ẹ̀rọ ń kú lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò náà lónìí sọ pé mọ́tò 33 ló gbéra, 17 ló dé. Kódà, wọ́n ṣì ń fi ọ̀kan nínú àwọn tó dé ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ lọ, ẹrẹ̀ ni wọ́n fi kùn ún lára kó tó wọ ìlú.

Ẹ má rò pé torí òmìnira nìkan ni Lawson ṣe ṣe gbogbo èyí o. Oníṣòwò ni. Ó ti ra ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò jọ, ó fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó bá máa ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á sanwó fún òun. Àjọyọ̀ Brighton jẹ́ ìpolówó ọjà fún un. Ní ọdún 1904, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí jìbìtì nínú òwò mìíràn, ó sì lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Bí ìtàn ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó gbé àjọ̀dún kalẹ̀ lè má mọ́ lọ́wọ́, kí àjọ̀dún ọ̀hún sì wúlò fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Wọ́n gbàgbé ìrìn-àjò náà fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 1927 ni ìwé ìròyìn Daily Sketch tún gbé e dìde. Láti 1930 ló ti bọ́ sọ́wọ́ Royal Automobile Club. Wọn kò ṣe é nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1947 pẹ̀lú, wọn kò ṣe é nítorí pé ìjọba ṣì ń fi òṣùwọ̀n pín epo bẹntiróòlù. Àìsàn Kòrónà tún dá a dúró ní 2020. Òfin tó le jù nínú rẹ̀ ni pé mọ́tò tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọdún 1904 kò lè bá wọn lọ. Eré gbogbo ìrìn náà kò sì gbọ́dọ̀ ju máìlì 20 ní wákàtí kan lọ. Wọn á gba orí afárá Westminster, wọn á la gúúsù London já dé Croydon, lẹ́yìn náà Redhill àti Crawley, kí òkè Sussex tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dára jù láti wò, pápá tútù lọ́tùn-ún lósì, ewé igi tó ti pọ́n nítorí ìgbà òtútù, àti òkè tó máa ń mú kí èrò inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tì í gùn ún. Lẹ́yìn òkè yẹn, òkun ló kù.

Nígbà tí mò ń kàwé ní London nínú àwọn ọdún 1970, mo dúró létí títì ní Brixton láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan bẹ́ẹ̀. Àgbà ọkùnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó múra ṣọ́ọ̀ṣì, wá dúró tì mí. Ọkọ̀ kan kọjá, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń tú èéfín, ó ń dún gbàù gbàù bí ìbọn ṣakabùlà. Bàbá mi orí, ó ní, "Àbúrò, baba ayọ́kẹ́lẹ́ rèé o, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ ọ́n yọ́ rìn."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ wo bí Yorùbá náà ṣe ṣe é. Ọkọ̀ tí a ní látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 1896 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901. A ò wá orúkọ tuntun fún un, a pè é ní ọkọ̀ ojú irin, tàbí ọkọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, ọkọ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra. Èyí tó ń kó ẹrù di ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn di ọkọ̀ èrò, kékeré ilé wá di ayọ́kẹ́lẹ́, ohun tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ológbò. Ìyàtọ̀ tó gba àwọn aṣòfin London ní ọdún 31 láti rí, láàárín ẹ̀rọ tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́, àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yanjú rẹ̀ nílé wa. Kò sí ẹni tó dìbò lé e lórí.

Ibi tó ń dùn mí wá nìyí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ iyì fún mọ́tò tó ti dàgbà. "Veteran" ni wọ́n ń pe àwọn tó ń lọ sí Brighton, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ọmọ ogun tó ti jagun rí. Àwa náà ní "ògbólógbòó", ṣùgbọ́n awakọ̀ la máa ń pè bẹ́ẹ̀, a kì í pe ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti dàgbà, jákujàku ni. Tòkunbọ̀ tó ti òkè òkun dé ní orúkọ ọmọ èèyàn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tò lọ́dọ̀ wa kò rí orúkọ àgbà jẹ. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá ní Èkó, tí Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀ ní Kàdúná. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ló ń gùn wọ́n. Mélòó ló kù tó lè rìn láti Èkó dé Abẹ́òkúta? Àwọn tó ń ra irin ti kó ọ̀pọ̀ lọ, wọ́n sì ti yọ́ wọn. Ohun tí kò bá ní orúkọ iyì, owó irin ni wọ́n máa ń dá lé e. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé àwọn tó ń ti mọ́tò gun òkè Sussex ń fi owó ṣòfò.

Ọkọ̀ á máa lọ, a ò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tó bá wọn wáyé ṣì wà lẹ́nu wa: bọlẹ́kájà, mólùé, ìjàpá, kábúkábú àti àwọn mìíràn tí ìlú kan mọ̀ tí ìkejì ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó wakọ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ̀ nígbà tiwọn. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ kọ ìlú àti nǹkan bí ọdún tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ bá tún ní orúkọ tó yẹ ọkọ̀ tó dàgbà tó sì níyì, ẹ fi kún un.