Abẹ́rẹ́ tó mú ọwọ́ màmá mi kú 🧵

Ẹ jókòó, ìtàn rèé.

Télọ̀ ni màmá mi, ní Ìkọ̀tún. Iṣan ìmọ̀lára há sí wọn lọ́rùn ọwọ́, ọwọ́ ń kú lóru, wọn ò lè di abẹ́rẹ́ ìránṣọ mú mọ́. Wọ́n gún ọwọ́ wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, màmá mi sì ń bá nọ́ọ̀sì ná owó aṣọ ẹbí!

1884, Vienna: Carl Koller kán omi kokéènì sójú ara rẹ̀, ó fi orí píìnì kàn án. Kò dùn ún rárá. Kokéènì tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà o! Àmọ́ ó ń di bárakú, ó sì ń pààyàn.

1943, Sweden: Nils Löfgren ṣe lidocaine. Bengt Lundqvist gún un sára ara rẹ̀ láti dán an wò. (Ṣé kò sí ẹlòmíì ni? 😂)

Lidocaine kì í pẹ́ tán. Bupivacaine, ti 1957, ló máa ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí lára.

Èwo ni wọ́n fún màmá mi? A ò bèèrè, wọn ò sì sọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló tán lára wọn. Ẹkún! Kẹ́mísì mẹ́ta ni mo bá ní títì.

Ọwọ́ òsì ló kàn báyìí. Mo ti ra oògùn ìrora sílé, wọ́n á lò ó kí abẹ́rẹ́ tó tán.